Ta Ló Pa Agogo Wọ́ọ̀dù Kẹta Lẹ́nu Mọ́?

Wọ́n ti gbé òkú télọ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kọkànlá kí Màmá Wáyà tó dé, àmọ́ ibi tó sùn sí ṣì tẹ̀ wọnú lórí fóòmù. Ọmọbìnrin olóògbé jókòó lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó gbá bàtà bàbá rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà bí ẹni gbé ìkókó. Kò sunkún mọ́. Ó ti sun ún tán.

"Nọ́ọ̀sì yẹn ló pa á," ló wí, kò gbójú sókè. "Ariwo agogo ń dí i lọ́wọ́, ló bá pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n ti fi ìwé ẹ̀ hàn mí."

"Ta ló fi hàn yín?"

"Ọ̀gá àwọn tó ṣe ẹ̀rọ."

Màmá Wáyà kàn mi orí. Obìnrin kúkurú ni, ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ogún ọdún ló fi tún ẹ̀rọ tẹlifóònù ṣe kí àwọn ọlọ́pàá tó gbà á sí ẹ̀ka tó ń wádìí ọ̀ràn tí ẹ̀rọ bá wà nínú ẹ̀, ìdí tẹlifóònù sì lorúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Kì í gba ìwé gbọ́ àfi tó bá mọ ọwọ́ tó kọ ọ́.

Bí ọ̀ràn náà ṣe lọ nìyí. Bẹ́ẹ̀dì méjìdínlógún ló wà ní wọ́ọ̀dù kẹta, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló sì ń tọ́jú wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, torí pé ara ìkejì rẹ̀ ò yá. Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn kọ̀ọ̀kan tó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Wáyà ló ń gbé ìròyìn àpótí lọ bá ẹ̀rọ ńlá tó wà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ ńlá yìí ló ń ya lílù ọkàn gbogbo wọn sójú gíláàsì, òun náà ló ń lu agogo bí ọkàn ẹnì kan bá fẹ́ dákẹ́. Àpótí kékeré ò ní ohùn tiẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ọkàn télọ̀ dákẹ́, agogo ò sì dún. Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọmọ rẹ̀ gbé aṣọ tó lọ̀ wá fún un, ó sì bá ọwọ́ bàbá rẹ̀ tó ti ń tutù.

Ìwé tí wọ́n fi hàn án ò ju ìlà méjì lọ: "Agogo bẹ́ẹ̀dì kọkànlá: a pa á lẹ́nu mọ́, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Káàdì nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù kẹta."

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹwàá. Ó fi ìka pe Màmá Wáyà.

"Ọkùnrin kan ti wá síbi kí ẹ̀yin ọlọ́pàá tó dé," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó wọ kóòtù, ó so táì. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ yẹn, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹnu ẹ̀ ń mì pẹ́pẹ́pẹ́. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà fún olóògbé."

"Ẹ gbọ́ nǹkan tó ń sọ?"

"Etí yìí ti bá mi dàgbà, ìyá. Ẹnu ẹ̀ nìkan ni mo rí."

Màmá Wáyà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

*

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń bi èèyàn ní ìbéèrè, aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Sájẹ́ńtì tó ń bá Màmá Wáyà ṣiṣẹ́ gbé ìwé náà síwájú rẹ̀.

"Káàdì rẹ tó o fi ń ṣí ẹ̀rọ nìyẹn, àbí tèmi ni?"

"Tèmi ni. Ṣùgbọ́n mi ò tẹ nǹkan kan."

"Ìwé ní o tẹ̀ ẹ́."

"Ìwé ò sí níbẹ̀, ọ̀gá. Èmi ni mo wà níbẹ̀." Ó kọjú sí Màmá Wáyà. "Inú yàrá tí a ti ń wẹ egbò ni mo wà, mò ń di egbò ìyá bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Ìgbà tó máa fi di bí aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo yọjú, mo wo gíláàsì ẹ̀rọ. Ọkàn gbogbo wọn wà níbẹ̀. Mo pa dà wọlé."

Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. "Dókítà ní kó tó di ogún ìṣẹ́jú yẹn ni bàbá ti kú. Ọkàn òkú wá ń lù lójú gíláàsì?"

"Mo rí ìlà rẹ̀." Ó fọwọ́ bojú. "Mi ò dúró kí n wò ó bóyá ó ń rìn. Ká ní mo dúró ni."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Màmá Wáyà lanu. "Lẹ́yìn tí ọmọ bàbá figbe ta, kí lo ṣe?"

"Mo sáré dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà mo sáré lọ bá ẹ̀rọ, mò ń gbá a, mò ń tẹ gbogbo bọ́tìnnì, kò dá mi lóhùn. Fáànù inú ẹ̀ ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, ó gbóná janjan, mo fọwọ́ mi kúrò."

"Ó gbóná?"

"Bí irin ìlọṣọ, Màmá."

Nígbà tí wọ́n jáde, Sájẹ́ńtì ní, "Irọ́ ni. Ẹni omi ń gbé lọ ò ní í rí koríko kó má dì í mú."

"Ta ló kọ́ ọ pé káwọn opurọ́ máa sọ pé ẹ̀rọ gbóná?" ni Màmá Wáyà bi í. "Tó bá fẹ́ purọ́, á ní ẹ̀rọ kú. Ẹ̀rọ tó kú á tutù. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tí obìnrin yìí sọ dákẹ́, kò dá èèyàn lóhùn, síbẹ̀ ó ń gbóná. Ẹni tó dákẹ́ tó sì ń làágùn, Sájẹ́ńtì, kò sùn. Ó ń ṣe nǹkan kan níbẹ̀."

"Kí ló ń ṣe?"

"Ìyẹn ni mi ò tíì mọ̀."

*

Oníná ilé ìwòsàn ni Sájẹ́ńtì tún lọ mú wá. Wọ́n rí i láàárọ̀ ọjọ́ náà lórí àkàbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù kẹta, tó ń fa wáyà. Ìbẹ̀rù ti mú kí ọkùnrin náà máa jẹ́wọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í.

"Èmi ni mo fa wáyà! Mo gbà! Ṣùgbọ́n wáyà gílóòbù ni, ẹ dárí jì mí!"

Màmá Wáyà mú un lọ sí wọ́ọ̀dù, ó yọ wáyà tó ń gbé ìròyìn wọlé lẹ́yìn ẹ̀rọ ńlá lójú gbogbo wọn. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tí gíláàsì fi pọ́n yòò, agogo sì bú sí igbe débi pé àwọn aláìsàn dìde jókòó. Ó dá wáyà pa dà.

"Tí wáyà bá já, ẹ̀rọ á pariwo," ló wí. "Ọjọ́ yẹn kò pariwo. Máa lọ sílé, oníná. Nígbà mìíràn, dúró kí wọ́n bi ọ́ ná kó o tó jẹ́wọ́."

Àpótí kékeré bẹ́ẹ̀dì kọkànlá ló kù. Ó tú u nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì jókòó tì í láti àárọ̀ di ọ̀sán. Àpótí náà ní àkọsílẹ̀ tiẹ̀: gbogbo ìròyìn tó fi ránṣẹ́, àti bóyá ẹ̀rọ ńlá dáhùn pé òun ti gbà á. Ìdáhùn ń bọ̀ létòlétò títí di aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdáhùn dá. Ọkàn télọ̀ ṣì ń lù dáadáa nígbà yẹn. Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Àpótí kọ ọ́: ọkàn ò lọ déédéé. Ó kọ ọ́: ẹ wá. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ń kọ ọ́ lọ, ojú ìwé lórí ojú ìwé, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ó tú àwọn mẹ́tàdínlógún yòókù. Gbogbo wọn pátá ni ìdáhùn dá fún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà.

Ó kó gbogbo ojú ìwé náà jọ. Lẹ́yìn náà ló pe Sájẹ́ńtì.

"Ẹ̀rọ ńlá ti dákú ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá," ló sọ. "Ẹ̀rọ tó ti dákú ní kẹrìnlá ò lè ṣàkọsílẹ̀ pé nọ́ọ̀sì tẹ bọ́tìnnì ní kẹtàdínlógún. Ìwé yẹn, ọwọ́ èèyàn ló kọ ọ́."

*

Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà wà ní àjà kẹrin ilé kan tí gbogbo ògiri rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Ìwé ìtàn kóòdù wà níbẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà tí wọ́n ti ṣe sínú ètò ẹ̀rọ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn, ẹnì kan yí ìlà kan padà nínú apá tó jinlẹ̀ jù, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gba ìròyìn láti inú wáyà. Orúkọ tó wà níwájú àyípadà náà ni ti ọkùnrin tínńrín kan tó ń kọ kóòdù níbẹ̀. Dígí ni wọ́n ń pè é, nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn.

Sájẹ́ńtì ti ń tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nígbàdí. Màmá Wáyà fọwọ́ dá a dúró.

"Dígí, ìwọ lo yọ ìlà yìí?"

"Ọwọ́ mi ni, Màmá." Ó ti ń sunkún. "Èmi náà ni mo kọ́kọ́ fi í síbẹ̀. Mo mọ ohun tí mo fi í ṣe."

"Ṣàlàyé fún Sájẹ́ńtì. Rọra."

Dígí bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún. "Ìwé kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ń kọ ọkàn gbogbo aláìsàn sí. Ó ní àgádágodo. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó á kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹni méjì má bàa dà á rú. Irú iṣẹ́ méjì ló ń lò ó. Ọ̀kan ni iṣẹ́ pẹ̀lẹ́, bíi kó ya àwòrán, kó tọ́jú ìròyìn àná. Ìyẹn ṣeé dá dúró nígbàkigbà. Èkejì ni iṣẹ́ ìpè. Tí wáyà bá ti gbé ìròyìn dé, ọpọlọ ẹ̀rọ á ju ohun tó ń ṣe sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á lọ dá a lóhùn. Kò sì ní í pa dà sídìí iṣẹ́ pẹ̀lẹ́ àfi tí ìpè bá parí."

"Kò sí wàhálà níbẹ̀," ni Sájẹ́ńtì wí.

"Ó kù díẹ̀," ni Màmá Wáyà dá sí i. "Ọpọlọ kan wà nídìí iṣẹ́ pẹ̀lẹ́. Ó ti gba kọ́kọ́rọ́. Kò tíì dá a pa dà tí ìpè fi dé bá ọpọlọ yẹn kan náà. Ó ju iṣẹ́ sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ọwọ́ iṣẹ́ tó jù sílẹ̀ ló wà," ni Sájẹ́ńtì dáhùn.

"Ìpè náà fẹ́ kọ́kọ́rọ́."

"Kó dúró dè é."

"Ta ló máa dá a pa dà?"

"Iṣẹ́ pẹ̀lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pẹ̀lẹ́ ò lè mira títí ìpè á fi..." Sájẹ́ńtì fọwọ́ lu orí. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ìpè ò sì lè parí láìrí kọ́kọ́rọ́. Màmá! Ara ẹ̀ ló ń dúró dè!"

"Títí láé," ni Dígí wí. "Ó sì ń béèrè kọ́kọ́rọ́ lásìkò tó fi ń dúró, láìsinmi, láìmí. Ọpọlọ mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀rọ. Àwọn mẹ́ta yòókù á wá béèrè kọ́kọ́rọ́ kan náà, wọ́n á tò sẹ́yìn rẹ̀, àwọn náà á máa béèrè."

"Ìdí tó fi gbóná nìyẹn," ni Màmá Wáyà rọra wí. "Ìdí tí ìlà ọkàn fi dúró sójú gíláàsì bí ẹni pé gbogbo wọn wà láàyè."

"Ìlà tí mo yọ ni ìṣọ́ rẹ̀. Kí iṣẹ́ pẹ̀lẹ́ tó gba kọ́kọ́rọ́, á kọ́kọ́ ní kí ìpè dúró lẹ́nu ọ̀nà. Á ṣe díẹ̀ tó fẹ́ ṣe, á dá kọ́kọ́rọ́ pa dà, á ṣí ọ̀nà. Ìpè ò ní í sọnù. Á kàn pẹ́ díẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú téèyàn fi ń pajú dé."

"Kí ló dé tó o wá yọ ọ́?"

Dígí wo ẹnu ọ̀nà. "Ìdánwò kan wà. Àwọn ilé ìwòsàn tó fẹ́ ra ẹ̀rọ fẹ́ mọ bó ṣe ń yára dáhùn. Díẹ̀ tó ń pẹ́ yẹn mú wa kùnà. Ọ̀gá ní kí n yọ ọ́. Mo ní ẹ̀rọ á dákú lọ́jọ́ kan. Ó bi mí pé ọjọ́ wo? Mi ò mọ ọjọ́ wo. Ó lè gba oṣù kan kí ìpè tó bọ́ sórí ọpọlọ kan náà ní àsìkò kan náà. Ó ní, 'Nígbà tó ò mọ ọjọ́, yọ ọ́ kíá.' Mo ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, Màmá. Mo yọ ọ́."

"Ó kọ àṣẹ yẹn sílẹ̀?"

"Ọ̀gá Kíá, bí a ṣe ń pè é, kì í kọ nǹkan sílẹ̀."

*

Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọ́ọ̀dù kẹta lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú àpótí méjìdínlógún, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì gígùn kan. Àwọn àpótí náà ń fi lílù ọkàn tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ránṣẹ́. Ọ̀gá Kíá dé ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ọkùnrin tó dùn-ún wò ni, táì rẹ̀ tò gún régé.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é kíá, Màmá. Àwọn èèyàn ń dúró dè mí."

"A ò ní í pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀rọ yín ti dákú rí?"

"Rárá o. Láti ìgbà tí a ti ṣe é, kò dákú rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Ẹ fọwọ́ kan èyí lọ́jọ́ tí télọ̀ kú?"

"Mo kàn tẹ ìwé inú ẹ̀ jáde fáwọn ọlọ́pàá ni."

"Ẹ ṣeun. Ẹ fi hàn wá bí nọ́ọ̀sì ṣe pa agogo lẹ́nu mọ́."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Agogo dún, ó dákẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Màmá Wáyà ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè lóríṣiríṣi: iye òṣìṣẹ́ rẹ̀, bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń ṣe ní ilé ìwé. Ohun tí kò sọ fún un ni pé Dígí ti fi iṣẹ́ pẹ̀lẹ́ kan sínú ẹ̀rọ náà tó ń gba kọ́kọ́rọ́, tó ń dá a pa dà, tó tún ń gbà á, láìsinmi. Wọ́n ti sọ ohun tó máa gba oṣù di ohun tó máa gba ìṣẹ́jú.

Ní ìṣẹ́jú kẹrin, ìlà méjìdínlógún dúró gbagidi lójú gíláàsì. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Sájẹ́ńtì, gẹ́gẹ́ bí Màmá Wáyà ṣe kọ́ ọ, na ọwọ́ sí bọ́tìnnì bí ẹni ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

"Má wulẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò ní í gbọ́," ni Ọ̀gá Kíá sọ lójú ẹsẹ̀. "Yọ iná ẹ̀yìn ẹ̀. Ka ení dé ọgbọ̀n kó o tó dá a pa dà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní í jí dáadáa."

Màmá Wáyà gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọgbọ̀n," ni Màmá Wáyà wí. "Kì í ṣe ogún, kì í ṣe ogójì. Ẹ̀rọ tí kò dákú rí, ta ló kọ́ yín pé ọgbọ̀n ló fi ń jí?"

Ọ̀gá Kíá fà sẹ́yìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Màmá Wáyà ò dúró dè é.

"Tíṣà kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹwàá. Ó rí yín lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹnu yín ń mì. Ó rò pé àdúrà lẹ ń gbà. Òǹkà lẹ ń kà, ọ̀gá. Òkú wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ̀rọ lè jí, kẹ́ ẹ lè kọ irọ́ sínú ẹ̀."

Ó gbé ìwé àpótí bẹ́ẹ̀dì kọkànlá síwájú rẹ̀, ó fi ìka sórí ìṣẹ́jú kẹrìnlá. Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé tí ọkùnrin náà tẹ̀ jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ìka kejì sórí ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún. Ọkùnrin náà wo ìka méjèèjì títí. Ó tú táì rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ wa," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ méje. Mo rò pé a máa tún un ṣe kó tó..."

"Kó tó kí ni?"

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Sájẹ́ńtì ló bá a parí ẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

"Ilé ìwòsàn mélòó ló ní ẹ̀rọ yìí?" ni Màmá Wáyà béèrè kí wọ́n tó mú un jáde.

"Mọ́kànlélógójì."

Títí di ìrọ̀lẹ́ ló fi wà nídìí tẹlifóònù. Ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ní kí wọ́n fi èèyàn sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé gíláàsì. Àwọn kan dúpẹ́. Àwọn kan bi í pé èèyàn wo ni àwọn fẹ́ fi síbẹ̀. Ní ilé ìwòsàn kẹtàlélógún, ọkùnrin tó gbé tẹlifóònù ní, "Ìyá, tiwa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. A lé nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lọ."

*

Wọ́n tú nọ́ọ̀sì sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ọmọ télọ̀ ń dúró ní ẹnu géètì àgọ́ ọlọ́pàá. Màmá Wáyà ti ṣàlàyé ohun gbogbo fún un, ṣùgbọ́n nígbà tó rí wọn tí wọ́n súnmọ́ ara wọn, ó sáré lọ bá wọn, torí kò mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Obìnrin méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀.

"Mo ti ṣépè fún yín," ni ọmọ télọ̀ wí. "Mo ti gégùn-ún fún yín lójú gbogbo èèyàn. Ẹ má bínú."

Nọ́ọ̀sì mirí. "Mo wo gíláàsì dípò kí n wo bàbá. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn."

"Ẹ̀yin lẹ bá a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Kí ló sọ?"

Ọwọ́ nọ́ọ̀sì lọ sí àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí bọ́tìnnì kan ti ń rọ̀ lórí òwú ẹyọ kan.

"Ó ní òun ò lè máa wo èyí kí òun dákẹ́. Ó ní kí n wá abẹ́rẹ́ wá, òun á rán an mọ́ mi lọ́rùn níbi tí mo bá dúró sí." Omi ti kún ojú rẹ̀. "Mo sọ fún un pé kó dúró, mo ń bọ̀."